Ohùn Inú Agolo Sàdíìnì

Wáyà ni mò ń tà ní òpópónà Paruro, ní Lima. Wáyà gìtá, wáyà rédíò, wáyà tẹlifíṣọ̀n, èyí tó gùn àti èyí tó kúrú. Zoraida lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, n kò sì bá wọn jà sí i. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń dá jókòó sídìí ìsọ̀ yìí, mo sì máa ń mọ irú ẹni tó ń bọ̀ kó tó ya ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan máa ń wo ọjà. Ẹni tí kò sí ènìyàn tó ń retí rẹ̀ nílé máa ń wo ojú ẹni tó ń tà á. Hermógenes Tuanama wà lára àwọn tó ń wo ojú.

Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá. Iṣẹ́ máígádì ló ń ṣe níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ́yìn ọjà, ọjọ́ Sátidé sì ni wọ́n fún un láti fi sinmi. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò láya, kò bímọ, yàrá kan lórí òrùlé ilé onílé ló ń gbé. Ẹlòmíràn ìbá fi ọjọ́ ìsinmi sùn. Òun á lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó gún régé, á gbé gìtá kọ́ èjìká, á sì gba inú òjò wínníwínní wá sí ìsọ̀ Fortunato Huamaní tó fara kan tèmi. Fortunato ló ń tún pẹ́dà ṣe, ó sì ń tà á.

Pẹ́dà tí mò ń wí kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ o. Àpótí irin kékeré kan ni, tí onígìtá máa ń gbé síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá tó ti ń dún gooro á há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Òfádíráìfù ni àwọn olórin ń pe irú rẹ̀. Wọ́n pọ̀ lọ jàra lára ògiri Fortunato, pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè, kò sì sí èyí tí ẹsẹ̀ Hermógenes kò tíì kàn.

"Ìjàpá ti dé," Fortunato á wí bó bá ti rí i. Bí àwa ará Lima ṣe ń pe gbogbo àwọn tó wá láti ìhà odò nìyẹn, nítorí ìjàpá tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún.

"Ará orí òkè, ṣé etí rẹ ti là lónìí, àbí òtútù ṣì dí i?" Hermógenes á dá a lóhùn, nítorí ìlú olókè ni Fortunato ti wá.

"Etí tèmi là. Tìẹ ni mi ò mọ ohun tó ń gbọ́. Gbé gìtá wá, jọ̀ọ́, kó o má fi tọwọ́ rẹ lé oníbàárà mi lọ."

Hermógenes á wá jókòó sórí àga onígi tí mo máa ń yá a. Kì í gbà kí wọ́n fi áńpù tuntun, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, dán pẹ́dà wò fún un. Ó ní àfi áńpù àtijọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀, irú èyí tó ní gílóòbù kéékèèké nínú, nítorí irú rẹ̀ lòun náà ní. Orin kan ṣoṣo ló máa ń ta. Á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa bá a bọ̀, bó bá sì dé ibì kan báyìí, á dijú, á tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀. Á fetí sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà á mi orí.

"Èyí ń kùn ni, kò sunkún," á wí. Tàbí kó ní, "Èyí ti kàwé jù." Ìgbà kan tí Fortunato gbé ọ̀kan tó wọ́n gan-an fún un, ó ta á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èyí dára. Ẹni tó ni ohùn yìí kò ní wàhálà kankan láyé rẹ̀. Kì í ṣe òun ni mò ń wá."

Mo máa ń rò pé orí rẹ̀ kò pé tó. N kò fẹ́ràn kí ènìyàn máa jìyà lórí nǹkan tí kò lórúkọ. Ìgbà tó ti pé oṣù bíi mélòó kan tó ti ń bá a bọ̀ ni mo bu ohun mímu gbígbóná fún un, mo sì bi í léèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ohùn ta ni ẹ̀ ń wá gan-an?"

Ó di ife náà mú. Ó ní, "Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, Ìyá Oníwáyà."

Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí. Contamana ni wọ́n ti wá, lẹ́bàá odò Ucayali. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ Teobaldo ló dá ẹgbẹ́ olórin wọn sílẹ̀, Los Bufeos, orúkọ ẹja ńlá inú odò wọn tó ń mí bí ènìyàn. Teobaldo kì í ta nǹkan kan nínú ẹgbẹ́ náà. Òun ló ni jẹnẹrétọ̀. Ìlú kò níná nígbà náà, níbikíbi tí wọ́n bá sì ti fẹ́ ṣeré, òun á ta gílóòbù sójú agbo, á gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn igi ńlá kan kí ariwo rẹ̀ má bàa bo orin, á sì jókòó tì í títí agbo á fi tú. Hermógenes ń fẹ́ pẹ́dà bíi ti àwọn onígìtá inú rédíò. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí i rà. Ni Teobaldo bá ṣe ọ̀kan fún un nínú agolo sàdíìnì. Ó fi òjé jó ẹnu rẹ̀ pa, ó ní kò gbọdọ̀ ṣí i láéláé, pé atẹ́gùn á bà á jẹ́.

"Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́," Hermógenes wí, "mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju gìtá sílẹ̀. Ohùn náà kọ́kọ́ wúwo, ó wá ń há lọ, ó ń há lọ. Mo máa ń dijú tí mo bá dé ibẹ̀, àmọ́ mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé gbogbo nǹkan rọ̀. Kódà ó máa ń ṣe mí bíi pé òkùnkùn sún mọ́ mi díẹ̀. Àwọn tó ń jó á wá fà mọ́ra wọn."

"Agolo sàdíìnì ló ń mú òkùnkùn wá?"

"Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ló pa ẹ̀rín mi. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú, tó sì ń bọ̀ wá Lima láti wá jẹun lẹ́nu gìtá, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fún òun ní agolo náà. Teobaldo kọ̀. Ó ní á bàjẹ́ lọ́nà, pé òun á ṣe òmíràn tó dára jù ú lọ ránṣẹ́. Kò ṣe é. Hermógenes dé Lima, ó lọ ta gìtá fún àwọn ẹgbẹ́ tó lórúkọ, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ yá ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bó ṣe di máígádì nìyẹn. Gbogbo ẹ̀bi náà ló sì dì lé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, kìkì ọjọ́ Kérésìmesì ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìyẹn náà kò ju pé ara le àti pé òjò ń rọ̀.

"Ó kú ní oṣù Fẹ́búárì," ó wí. "Kí n tó wọ bọ́ọ̀sì, kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti sin ín."

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn, ní ọjọ́ kìíní oṣù Nòfẹ́ńbà, gbogbo ìlú ló ń lọ jókòó sí itẹ́ òkú lírọ̀lẹ́ pẹ̀lú àbẹ́là, oúnjẹ àti orin. Ó ti ṣèlérí fún Delicia, opó Teobaldo, pé òun á wá ta orin àwọn méjèèjì níbi ibojì náà ní ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an.

"Mi ò bá a sọ̀rọ̀ tó nígbà tó wà láyé," ó wí. "Ohùn yẹn lọ̀rọ̀ tó kù tí mo fẹ́ bá a sọ. Tí mo bá lọ ta á lásán, màá kàn ti lọ pariwo sí i lórí ni."

Mo mọ bó ṣe ń rí kí ọ̀rọ̀ kù síni lọ́rùn tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti wà nínú ilẹ̀. Mo kàn ní, "Kí ló dé tí ẹ ò béèrè agolo náà lọ́wọ́ Delicia?"

"Kó lè ní nítorí agolo ni mo ṣe ń ṣọ̀fọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ béèrè. Fortunato á ṣí i, á wo inú rẹ̀, á sì ṣe irú rẹ̀."

Ó lọ́ra, ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó pè é. Ó sọ fún mi pé Delicia dákẹ́ pẹ́ títí lórí fóònù, tí òun fi rò pé ìlà ti já. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà wá ní òun á fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ tí agolo náà dé, Hermógenes ti gbé e dé ọjà ṣáájú wa. Wọ́n ti fi ewé dì í, wọ́n sì fi okùn dì í lé e, gbogbo ìsọ̀ Fortunato ń rùn bí igbó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Agolo sàdíìnì gbọọrọ kan ni lóòótọ́, ó ti dípẹtà, bọ́tìnnì kan wà lórí rẹ̀, ihò wáyà kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Hermógenes gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ọmọ ọdún méje. Èmi fúnra mi ni mo mú wáyà tó dára jù nínú ọjà mi fún un.

Ó bẹ̀rẹ̀ orin náà. Ó dé ibẹ̀. Ó dijú, ó tẹ̀ ẹ́.

Kò sí nǹkan kan. Ohùn gìtá ń dún gooro bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó tún padà sẹ́yìn, ó ta á dé ibẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

"Bátìrì ni," Fortunato wí. "Bátìrì ló kú, farabalẹ̀. Jẹ́ kí n ṣí i."

Ó yọ́ òjé náà. Ó ṣí ìdérí. Ó wò ó, kò sì fi í ṣẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ Fortunato ni ẹni tó máa ń fi òkú gan-an ṣẹ̀fẹ̀. Ó kàn gbé agolo náà kalẹ̀ kí gbogbo wa lè rí i. Wáyà kan ṣoṣo ló ti ihò ọ̀tún lọ sí ihò òsì. Bọ́tìnnì náà kò so mọ́ nǹkan kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkúta odò kékeré kan wà tí wọ́n fi àkísà wé kó má bàa máa mì, kí agolo náà lè wúwo lọ́wọ́.

"Wọ́n ti jí inú rẹ̀," Hermógenes wí. "Ẹnì kan ti jí inú rẹ̀ kó."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo pe Delicia, mo sì jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Delicia, ta ló ṣí agolo yìí?" Hermógenes bi í.

"Kò sẹ́ni tó ṣí i, àbúrò mi. Bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Kí lò ń sọ?"

"Teobaldo gbìyànjú ẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Ó tú u, ó tún un ṣe, kò ṣiṣẹ́. Ìwọ sì ti lọ káàkiri ìlú pé ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe pẹ́dà fún ẹ. Ojú wá ń tì í. Ló bá fi òkúta sí i, ó jó o pa. Tó o bá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́, á fa ọwọ́ jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn. Iná á relẹ̀, áńpù ẹ á máa wá iná tí kò rí, ohùn ẹ á há. Tó o bá tún un tẹ̀, á dá a padà."

Èmi ni mo bi Delicia bóyá ẹlòmíràn mọ̀.

"Gbogbo Contamana ló mọ̀, ìyá. Àwa tá à ń jó là ń rí gílóòbù tó ń pọ́n bí ọsàn lórí wa. Ìgbà yẹn gan-an la máa ń dúró dè láti fà mọ́ ẹni tá a fẹ́ràn. Hermo nìkan ni kò rí i. Ó máa ń dijú."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?" Hermógenes bi í.

"Ó ní inú ẹ dùn jù. Ó ní òun ń wá ọjọ́ tóun máa sọ ọ́." Delicia mí kanlẹ̀. "Ìgbà tó o ní kó fún ẹ kó o gbé e lọ Lima, ó sunkún lójú mi. Ó ní kí lòun fẹ́ gbé fún àbúrò òun, òkúta? Ó ń gbìyànjú láti ṣe òmíràn, Hermo. Àwọn tó bàjẹ́ kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa."

A pa fóònù náà. Òjò wínníwínní ń rọ̀ lórí páànù. Hermógenes jókòó sórí àga mi, ó mú òkúta náà jáde kúrò nínú àkísà, ó sì ń yí i nínú ọwọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé ibi tí inú fi ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí, bóyá òkú tó purọ́ ni àbí alààyè tó fi gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀ yan odì nítorí òkúta.

Fortunato ló kọ́kọ́ dìde. Ó wọ inú ìsọ̀ rẹ̀ lọ, ó gbé tíráńsífọ́mà ńlá kan jáde, èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ yí láti dín iná kù. Ó fi áńpù àtijọ́ náà sí i, ó ní kí n di ibi tí wọ́n ti ń yí i mú.

"Ta á, ìjàpá," ó wí jẹ́jẹ́. "Bó o bá ti tẹ agolo, Ìyá Oníwáyà á yí i."

Ó ta á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan agolo tó ṣófo náà, mo sì yí i. Gílóòbù inú áńpù ń kú lọ, ohùn náà sì jáde. N kò tíì gbọ́ ọ rí, síbẹ̀ mo mọ̀ ọ́n. Ó wúwo, ó ń há lọ, ó ń há lọ, ó kù díẹ̀ kó já. Hermógenes gbé ọwọ́ kúrò lára okùn gìtá.

"Òun nìyẹn," ó wí.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Àmọ́ ẹ pẹ́ díẹ̀."

A tún un ṣe. Mo pẹ́. A tún un ṣe, mo yá jù. Mo ní kó má bínú, pé ọwọ́ mi ti darúgbó. Ó mi orí.

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Jẹnẹrétọ̀ kì í relẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò rí i? Èèyàn gbọ́dọ̀ ti fà á kí ẹsẹ̀ mi tó balẹ̀. Teobaldo ń gbọ́ mi bọ̀ látẹ̀yìn igi yẹn. Ó mọ ibi tí mò ń lọ kí n tó débẹ̀." Ó wá sunkún níwájú àwọn oníbàárà, kò sì fi ọwọ́ bojú. "Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń ta á."

Fortunato ní kó gbé tíráńsífọ́mà náà lọ sí Contamana lọ́fẹ̀ẹ́, pé ó wúwo ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi á gbé e.

"Ta ló máa yí i?" Hermógenes bi í.

Ó wà lẹ́nu mi pé èmi ni. Mo ti rí ara mi lórí ọkọ̀ ojú omi náà, tí mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹrù. N kò sọ ọ́. Mo ní ìsọ̀ tí mò ń tọ́jú, n kì í sì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún. Ó fi tíráńsífọ́mà náà sílẹ̀ fún Fortunato, ó fi òkúta náà sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dé agolo náà padà, ó sì kí wa pé ó dìgbà. Sátidé tó tẹ̀ lé e, n kò gbé àga onígi síta.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Nòfẹ́ńbà, nígbà tí ọ̀sán ń lọ sílé, fóònù mi dún. Delicia ni. Ó ní Hermo ní kóun pè mí kí n lè gbọ́, kóun sì gbé fóònù náà sókè. Mo fi etí kan mọ́ ọn, mo fi ọwọ́ di èkejì. Mo gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń dún níbì kan, lẹ́yìn náà ni gìtá bẹ̀rẹ̀. Ó ń dún gooro. Orin náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, èmi náà sì ti mọ ibi tó ń lọ. Ọwọ́ mi ti ń yí nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí agolo, kọ̀ọ̀. Ohùn gìtá kò yí padà rárá. Mo dijú nítorí pé ojú ń tì mí fún un. Ṣùgbọ́n wúyẹ́wúyẹ́ àwọn ènìyàn náà dáwọ́ dúró lójijì. Gìtá ṣi ọ̀nà, ó dákẹ́, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, jẹ́jẹ́, ó sì ta á dé òpin.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" mo bi Delicia nígbà tó gbé fóònù padà sí etí. "Kí ló dé tó fi dákẹ́?"

Ó ń sunkún.

"Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe kan agolo báyìí," ó wí, "ìyá arúgbó kan tó máa ń jó nígbà yẹn fi àtẹ́lẹwọ́ bo àbẹ́là tiẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà bo tiẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, ó ń lọ bẹ́ẹ̀, títí gbogbo itẹ́ òkú fi ṣú díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe é."

"Ṣé ó rí i?"

"Ó rí i. Kò dijú lónìí."

Mo ní kó bá mi kí i. Nígbà tó pa fóònù, mo ká àwọn wáyà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kó wọn wọlé.